Mo Lóṣòó ti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ìdánwò sáà kejì ló bí ọ̀rọ̀ yìí.
Mo ṣe ìbéèrè kẹ́mísìrì, ogójì géérégé,
mo gbé e sínú fíláàṣì, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé
ní Èréjà, níwájú ilé ìfowópamọ́.
Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi:
"Mà, ẹ máa bọ̀ lọ́la."
Ọ̀la tí mo máa bọ̀,
ìbéèrè mi ti dé Ìsọ̀kun ṣáájú mi.
Fáṣoyin, tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ásíìdì,
gba méjìdínlógójì.

Ọkọ mi ní ká kúkú ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwa.
Èyí tó ń tẹ àwọ̀ mèremère ló wà lójú rẹ̀.
Mo ní, "Bàbá Ìfẹ́dáyọ̀, dúdú lórí funfun ni ìdánwò.
Àwọ̀ wo lo fẹ́ fi kun ìbéèrè keje?"
A ti ní olómi rí.
Ó ń mu tàdáwà bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn;
tí ọyẹ́ bá dé, tí a kò lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì,
imú rẹ̀ a dí pa.
Ẹ̀gbẹ́ àpò ìrẹsì ló kú sí.

Ọ̀dẹ́tòkun ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Bọ́lọ́rundúró.
Ó fi eyín di súkúrù mẹ́ta mú,
ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu:
"Ẹni tó ra ẹṣin tí kò béèrè owó koríko,
ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.
Ẹ má tíì béèrè iye ẹ̀rọ. Ẹ béèrè iye tónà.
Ẹ béèrè iye ojú ìwé tí agolo kan ń tẹ̀,
bóyá a lè rọ ọ́ kún nílùú yìí,
àbí Ìbàdàn la ó ti máa wá ìyẹ̀fun dúdú."
Ó tu súkúrù kan sọ́wọ́.
"Tuntun tó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ sá fún un.
Owó tí wọn kò gbà lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù,
inú agolo ni wọ́n fi í pamọ́ sí."

Mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olùta tòkunbọ̀.
Ọ̀kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú,
ó kúrú, ó ki,
ó jókòó bí ìyá ọkọ tí wọn kò kí.
Mo ní kó tẹ ewé tí ẹ̀rọ fi ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀.
Ọlọ́jà ní kò síná. Mo ní mo ń dúró.
Ó ní kò sépo nínú jẹnẹrétọ̀. Mo fún un lówó epo.
Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ ń dani láàmú."
Mo ní kì í ṣe tíṣà ló ń bá a sọ̀rọ̀,
ọmọ òṣómàáló ni.
Bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
nílùú onílùú, títí aṣọ fi di owó.
Mo ká ìró mi sórúnkún, mo lóṣòó ti ẹ̀rọ.

Iná dé. Jẹnẹrétọ̀ kérora bó ti ń gbóná.
Ewé jáde: ẹgbàásàn-án ó lé irinwó ojú ìwé.
Mo pe Ọ̀dẹ́tòkun. Ó ní, "Ọmọge ṣì ni."
Mo gbé ewé sójú oòrùn: kò sí ìlà, kò sí àbàwọ́n,
lẹ́tà dúdú bí ẹyin ojú.
Mo san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin.

Kò pé o. Kì í tẹ ẹ̀yìn ìwé, iwájú nìkan ló mọ̀.
Tó bá ń jí, gílóòbù pálọ̀ a ṣẹ́jú.
Ìyàwó pásítọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mejì: "Ewé mẹ́wàá péré."
Ọkọ mi ṣì ń ṣọ̀fọ̀ òṣùmàrè.

Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò sáà kẹta,
mo ti ìlẹ̀kùn yàrá.
Ewé ń jáde ní kọ̀ọ̀kan,
ó gbóná lọ́wọ́ mi bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Láàárọ̀, mo pín in.
Fáṣoyin wo ìwé.
Ó wo àjà.
Ó yí ìwé padà, bóyá ìdáhùn wà lẹ́yìn.
Ẹ̀yìn ìwé mọ́ tónítóní.